Àwọn Àjèjì Ló La Ọ̀nà Etí Òkun Tí A Mú Ajá Rìn

Ọ̀rọ̀ ìtàn ni mo gbé wá lónìí, ajá ló sì fà á.

Lọ́dún tó kọjá mo lọ kí ọmọ mi obìnrin ní Devon, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń sin ajá kan. Biscuit ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè é. Èmi sọ ọ́ ní Tanímọ̀la, torí ajá tí kò ní orúkọ òwe, irú ajá wo nìyẹn? Ọjọ́ kejì tí mo dé, ọmọ mi ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká mú ajá rìn létí òkun." Ó mọ̀ pé orúnkún ń dùn mí, ó wá mú mi lọ sí Dawlish. Ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Orí ògiri tí wọ́n mọ láti dènà omi lèèyàn ń rìn, òkun wà lápá kan, ojú irin rélùwéè wà lápá kejì. Brunel, ẹnjiníà ìgbà ayé Ọbabìnrin Victoria, ló gbé ojú irin náà gba ibẹ̀, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí rẹ̀ ní 1846. Ní February 2014, ìjì wó ògiri yẹn débi pé irin rélùwéè ń fì dirodiro lófuurufú. Ó tó oṣù méjì kí ọkọ̀ tó tún gba ibẹ̀ kọjá.

Ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Lọ́jọ́ kẹta a lọ síbòmíràn, ọ̀nà ẹsẹ̀ sì gba àárín pápá kan tí àgùntàn ń jẹ̀ kọjá. Mo dúró. Mo ní, "Ta ló ni ilẹ̀ yìí? Ta la tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀?" Ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀nà gbogbo ayé ni. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Ọdún 31 ni mo ti lò ní Kánò, mi ò tíì gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀ kan láì kọ́kọ́ bèèrè onílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwa tí a ń gbé ìlú onílùú ṣe máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kì í ṣàdédé di ti gbogbo ayé. Ẹnì kan ló là á, ẹnì kan ló sì jà kí wọ́n má baà dí i. Mo bá tọ pinpin ọ̀rọ̀ náà.

Owó orí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láàárín ọdún 1700 sí 1800, ogun kì í tán nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó ogun sì gbọ́dọ̀ ti ibì kan wá. Wọ́n bu owó ibodè lé tíì, wọ́n bù ú lé ọtí brándì àti tábà, iyọ̀ pàápàá kò yọ. Ti tíì le débi pé owó orí ju owó ọjà fúnra rẹ̀ lọ. Ní 1784 ni olórí ìjọba wọn, William Pitt, já ti tíì wálẹ̀ láti 119 sí 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ogun òun Faransé bẹ́ ní 1793, owó orí tún gbéra sọ. Àní ní 1796, wọ́n fi owó orí lé ajá! Ajá ọmọ mi ì bá ti san tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ sísan owó nítorí ajá yìí wà, ó ń yí padà, títí di 1987 tí wọ́n fa ìwé àṣẹ ajá ya. 37 pence péré ló kù tí wọ́n ń san lórí rẹ̀ nígbà yẹn.

Ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ níbi tí owó ibodè bá ti ju ọjà lọ. Ẹni tó bá mọ Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdìrókò kò ní béèrè. Fàyàwọ́ dé! Láti erékùṣù Guernsey àti Roscoff ní ilẹ̀ Faransé ni ọkọ̀ ojú omi ti ń kó brándì wá lóru. Tó bá gúnlẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kan lábẹ́ òkè, àwọn alágbàrù á so agbá kékeré méjì mọ́ra, ọ̀kan ní àyà, ọ̀kan lẹ́yìn, wọ́n á sì gun òkè lọ nínú òkùnkùn. (Ẹ ò rí i pé àyà ò kúrò nínú iṣẹ́ yìí níbi gbogbo?) Ará ìlú ń ra ọjà wọn lówó pọ́ọ́kú, nítorí náà kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. Ọ̀kan nínú wọn, Jack Rattenbury, ará abúlé Beer ní Devon níbẹ̀, kọ ìwé nípa iṣẹ́ fàyàwọ́ tó ṣe, ó sì jáde ní 1837. Kò fi pamọ́ rárá.

Ìjọba wá dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ kan sílẹ̀ ní 1809 láti máa ṣọ́ etí òkun. Ní 1822 wọ́n pa á pọ̀ mọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ yòókù, ó di Coastguard. Ẹsẹ̀ làwọn èèyàn wọ̀nyí fi ń ṣiṣẹ́. Láti àgọ́ kan dé èkejì ni wọ́n ń rìn, lóru, nínú òjò, bí ó ti wù kí atẹ́gùn le tó. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ yọjú wo gbogbo ibi tí omi ti wọnú ilẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ máa ń fara pamọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà náà fi ń ká kò-ń-kọ̀-kọ̀ tẹ̀lé bèbè òkè, tí kì í gba àbùjá. Ẹni tó ń lọ ọjà ò ní la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ olè nìkan ló lè là á.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù rèé: àjèjì ni wọ́n. Ìjọba kì í fi wọ́n sí ìlú wọn, kí wọ́n má baà gbàbọ̀dè pẹ̀lú ẹbí àti ọ̀rẹ́. Wọ́n á kó wọn lọ síbi tí wọn ò ti mọ ẹnì kankan, láàárín àwọn èèyàn tí oúnjẹ wọn wà nínú fàyàwọ́ tí wọ́n wá dá dúró. Ta ló máa yá irú wọn ní yàrá? Àwọn onílé kọ̀. Ìjọba ló wá kọ́ ilé fún wọn, ilé ọlọ́wọ̀ọ́wọ́ tí wọ́n kùn ní ẹfun, òun àti ìyàwó àti ọmọ. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, lórí òkè tó kọjú sí òkun. Ẹ̀yin tí onílé ti wo ojú yín rí, tó ní yàrá ti tán nígbà tó gbọ́ orúkọ yín, ẹ máa mọ bó ṣe rí lára wọn.

Nígbà tó yá, ìjọba dín owó ibodè kù, fàyàwọ́ ò pa owó mọ́, ìrìn òru náà sì dópin. Ọ̀nà ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n kò tíì di ti gbogbo ayé, torí àwọn onílẹ̀ ńlá wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọn ò fẹ́ rí ẹsẹ̀ mẹ̀kúnnù lórí ilẹ̀ wọn. Òkè Kinder Scout wà lára ibi tí ìjà yìí ti gbóná, ibẹ̀ sì jìnnà sí òkun. Ní April 1932, ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ láti Manchester àti Sheffield gun òkè náà láìgbàṣẹ. Benny Rothman, ọmọ ogún ọdún, wà lára àwọn tó ṣáájú wọn. Márùn-ún lára wọn ṣẹ̀wọ̀n. Ọdún 17 lẹ́yìn náà, ní 1949, òfin jáde tó fún ìjọba lágbára láti ṣí ọ̀nà ẹsẹ̀ jíjìn sílẹ̀ fáwọn èèyàn. Wọ́n so ọ̀nà àwọn ẹ̀ṣọ́ àtijọ́ yẹn pọ̀ díẹ̀díẹ̀, apá tó kẹ́yìn sì ṣí ní 1978. Máìlì 630 ni, láti Minehead dé Poole. Ní 2009, òfin mìíràn ní kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ yí gbogbo etí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ká.

Ajá náà ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ rẹ̀ lókùn lọ́rùn. Ẹni tó mú un dání gbọ́dọ̀ kápá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ etí òkun ni kì í gba ajá láti May títí di September, torí àwọn tó ń wẹ̀. Bí ajá bá sì ń da àgùntàn láàmú, àgbẹ̀ lè yìnbọn pa á, kí òfin má sì dá a lẹ́bi bí kò bá rí ọ̀nà mìíràn gbé e gbà. Ìdí tí ọmọ mi fi sáré so okùn mọ́ Tanímọ̀la lọ́rùn nínú pápá yẹn nìyẹn, nígbà tí èmi ṣì dúró tí mò ń béèrè onílẹ̀.

Nígbà tí à ń padà, a jókòó níwájú ọ̀kan nínú àwọn ilé funfun yẹn, kí orúnkún mi lè sinmi. Mo béèrè ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ báyìí. Ọmọ mi ní àwọn àlejò tó wá lo ìsinmi ni wọ́n ń fi háyà, pé iye tí wọ́n ń gbà lọ́sẹ̀ kan ju owó ilé rẹ̀ lóṣù lọ. A bu omi fún ajá, ó mu ún tán, a dìde.