Ilé Oparun Àgbádárìgì àti Àwọn Ṣọ́ọ̀ṣì Wa ní Thamesmead



Bí àlejò bá ti ilé wá, tí a mú un lọ sí ìsìn ní Thamesmead, ojú rẹ̀ máa ń wá ilé gogoro alágogo. Ilé ìkẹ́rùsí ló máa ń bá, tàbí gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ to àga sí láàárọ̀. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń bi mí pé, “Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì nìyí?” Ṣọ́ọ̀ṣì mà ni. Bí ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ ṣe máa ń rí nìyẹn níbi tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dó sí: ohun tọ́wọ́ bá bà ni wọ́n fi ń ṣe é. Ní Amẹ́ríkà àtijọ́, ìtì igi ni. Ní Àgbádárìgì wa, oparun ni.

Láti ọdún 1839 ni àwọn ọmọ Yorùbá tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, tí wọ́n kó lọ sí Freetown, ti ń padà bọ̀ wálé. Sàró la mọ̀ wọ́n sí. Ọ̀pọ̀ wọn gba Àgbádárìgì wọlé, ìlú ẹnu ibodè tí òkun wà níwájú rẹ̀, tí ọ̀nà Ẹ̀gbá wà lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n sì ṣì ń ta ẹrú níbẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé ará òkè òkun làwọn náà. Wọn ò káwọ́ gbera: lọ́dún 1841, ọ̀kan nínú wọn, James Ferguson, kọ lẹ́tà pé kí wọ́n rán oníwàásù sí àwọn.

Ẹni tó dé ni Thomas Birch Freeman, ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án, 1842. Twyford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ni wọ́n ti bí i. Òyìnbó ni ìyá rẹ̀, aláwọ̀ dúdú ni bàbá rẹ̀. William de Graft, ọmọ Gold Coast, bá a wá. Wọn ò dúró de bíríkì. Oparun ni wọ́n fi kọ́ ilé ìsìn wọn. Nínú oṣù Kejìlá, Freeman lọ sí Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tayọ̀tayọ̀. Nígbà tó padà dé, ó bá Henry Townsend, ti ìjọ CMS, ní Àgbádárìgì, wọ́n sì jọ ṣe Kérésìmesì ọdún náà níbẹ̀.

Lónìí, tí ẹ bá lọ sí Àgbádárìgì, wọn á fi ibi tí igi Àgíà wà hàn yín, igi tí wọ́n wàásù lábẹ́ rẹ̀, tó wó lọ́dún 1959. Wọn á mú yín lọ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọdún 1845. Ilé oparun ńkọ́? Oparun kì í pẹ́ jẹrà. Ohun tó jẹ́ ká mọ̀ pé ilé náà wà rí ni pé Freeman kọ ọ́ sínú ìwé.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kàn wá. Ní Woolwich, ilé sinimá méjì tí wọ́n ṣí lọ́dún 1937 dojú kọra wọn. Odeon di New Wine Church lọ́dún 2001. Granada, tó ti di ilé tẹ́tẹ́ bingo, di ti Christ Faith Tabernacle lọ́dún 2011. Ọmọ Nàìjíríà ló ṣe aṣáájú ìjọ méjèèjì. Òfin dáàbò bo àwọn ilé wọ̀nyẹn, wọn ò ní dédé pòórá.

Thamesmead yàtọ̀. Àbàtà ni tẹ́lẹ̀, tí àwọn Arsenal ti ń dán ìbọn ńláńlá wò, kí àwọn ayálégbé àkọ́kọ́ tó kó dé lọ́dún 1968. Ibi tí a rí la gbà. Tí owó ilé bá wọ́n jù, tàbí wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ náà kọ́ fúláàtì, ìjọ á ká kápẹ́ẹ̀tì, á gbé ìlù, ó di gbéra. Ìjọ tèmi ti kó lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ nínú gbọ̀ngàn àkọ́kọ́ ti wọ yunifásítì, bẹ́ẹ̀ fúláàtì ló wà níbẹ̀ báyìí.

Lọ́dún 2013, Yunifásítì Roehampton ka irú ìjọ tuntun àwọn aláwọ̀ dúdú bẹ́ẹ̀ ní Southwark, wọ́n rí ó kéré tán 240. Kíkà dára, àmọ́ iye nìkan kì í ṣe ìtàn. Ta ló kọ́kọ́ yá wa ní àga? Ìyá wo ló ń se ìrẹsì fún gbogbo ìjọ? Èló la dá fún owó ilé oṣù àkọ́kọ́? Àwọn tó mọ èsì rẹ̀ ti ń dàgbà, àwọn mìíràn sì ti lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé bíírò. Ẹ kọ ọdún, ẹ kọ orúkọ òpópónà, ẹ bi àwọn màmá àti bàbá ìjọ léèrè, kẹ́ ẹ kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, káwọn ọmọ lè kà á. Ilé tí a fi owó táṣẹ́rẹ́ gbà lè wó. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ àwọn tó gbà á bá a wó.