Obìnrin Lójú Ogun: Ilẹ̀kùn Tí Òfin Kò Tíì Ṣí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin sì pa á, kí ejò ṣáà ti kú ni. Òwe yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ìtàn iṣẹ́ ológun ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi hàn pé àwọn aláṣẹ kì í lò ó tán. Nígbà tí ejò bá wà nínú ilé, wọn a gbé kùmọ̀ lé obìnrin lọ́wọ́; bí ejò bá ti kú, wọn a gba kùmọ̀ náà padà.

Ìjọba Dàhòmì, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Orílẹ̀-èdè Benin lónìí, ni àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù. Lábẹ́ Ọba Gezo, tó jọba láti ọdún 1818 títí di 1858, àwọn obìnrin jagunjagun tí wọ́n ń pè ní Agojie di ẹgbẹ́ ọmọ-ogun gidi, wọ́n sì tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ogun àti òwò ẹrú ti gbé ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ, àwọn ọ̀tá tó yí ìlú ká sì pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yìn wọ́n kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ogun ìkónilẹ́rú ni ọ̀pọ̀ nínú ogun tí wọ́n jà. Àwọn Ẹ̀gbá mọ̀ wọ́n dáadáa: ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1851, wọ́n wà lára ogun Dàhòmì tó kọlu Abẹ́òkúta, ọ̀pọ̀ wọn sì kú sí ẹsẹ̀ odi ìlú. Ní 1890 àti 1892, wọ́n dojú kọ àwọn Faransé tí ìbọn wọn lágbára ju tiwọn lọ. Nígbà tí Ọba Behanzin juwọ́ sílẹ̀ ní 1894, ẹgbẹ́ náà tú ká.

Àwọn amúnisìn kò fi obìnrin ṣe jagunjagun. Ọkùnrin ni Gẹ̀ẹ́sì kó sínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun tó dá sílẹ̀, Nàìjíríà sì jogún ìṣe yìí pọ̀ mọ́ aṣọ àti oyè ológun. Nọ́ọ̀sì ni Josephine Tolefe, obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Nàìjíríà ní 1961. Dókítà àrùn ọpọlọ ni Adérónkẹ́ Kale, obìnrin àkọ́kọ́ tó gba oyè Major-General ní 1994. Iṣẹ́ ìwòsàn ló gbé àwọn méjèèjì wọlé. Ọ̀nà ojú ìjà ṣì wà ní títì.

Ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970 fi àlàfo tó wà láàárín ìṣe àti oyè hàn. Ní ilẹ̀ Biafra, ọkùnrin ni wọ́n kó lọ sójú ogun, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ń kọjá sí ẹ̀yìn ìlà àwọn ọmọ-ogun ìjọba àpapọ̀ láti ra iyọ̀ àti oúnjẹ wá fún àwọn tí ebi ń pa. Òwò yìí ni àwọn Ígbò ń pè ní ahịa attack. Ẹ̀mí wọn wà nínú ewu bíi ti ọmọ-ogun, síbẹ̀ kò sí oyè ológun kankan tó tẹ̀lé e.

Ọdún 2011 ni ìyípadà ńlá dé. Pẹ̀lú àṣẹ Ààrẹ Goodluck Jonathan, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní Kàdúná, NDA, gba 20 obìnrin láti kọ́ iṣẹ́ ìjà bíi ti àwọn akẹgbẹ́ wọn ọkùnrin. Ní 2012, Blessing Liman di obìnrin àkọ́kọ́ tó wa bàálù ológun ní Nàìjíríà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, Kafayat Sanni di àkọ́kọ́ nídìí bàálù ìjà, Tolúlọpẹ́ Arótilé sì di àkọ́kọ́ nídìí hẹlikọ́pítà ìjà. Arótilé, ọmọ ìpínlẹ̀ Kogí tó wọ NDA ní 2012, kópa nínú ogun tí wọ́n ń gbé ti àwọn agbébọn láti Minna. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje ọdún 2020, ọkọ̀ kan kọ lù ú ní Kàdúná, ó sì kú ní ẹni ọdún 24.

Ní Àríwá-Ìlà-Oòrùn, ọ̀tá fúnra rẹ̀ ló sọ obìnrin di kòṣeémánìí. Láti oṣù kẹfà ọdún 2014, nígbà tí obìnrin kan gbé bọ́ǹbù lọ sí bárékè ológun ní Gombe, ni Boko Haram ti ń rán obìnrin àti ọmọdébìnrin níṣẹ́ ikú bẹ́ẹ̀. Àṣà kò gba ọkùnrin láyè láti yẹ ara obìnrin wò, nítorí náà àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ fijilanté Civilian JTF ní Borno ló ń ṣe é. Ní 2021, wọ́n rán 300 ọmọ-ogun obìnrin lọ sójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá.

Àwọn tó tako obìnrin lójú ogun ní àwíjàre tiwọn: agbára ara, àti ohun tí ọ̀tá lè ṣe sí wọn bí ó bá mú wọn. Ìdánwò kan náà fún tọkùnrin tobìnrin lè dáhùn èyí àkọ́kọ́. Ní ti èkejì, àwọn ọmọbìnrin 276 tí wọ́n jí gbé ní Chibok ní 2014 kì í ṣe ọmọ-ogun.

Ṣùgbọ́n orí kí ni ẹ̀tọ́ wọn dúró lé? Abala 42 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ọdún 1999 kà á léèwọ̀ láti fi jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin du ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìpín kẹta abala kan náà ló yọ iṣẹ́ ológun àti ọlọ́pàá sílẹ̀: òfin tó bá pààlà sí ẹni tó lè wọ iṣẹ́ wọ̀nyí kò ní di asán nítorí ìyẹn nìkan. Ìdí nìyí tí ọkàn àwọn ènìyàn kò fi balẹ̀ ní 2017, nígbà tí ìròyìn gba ìlú kan pé wọ́n fẹ́ dá gbígba obìnrin sí ẹ̀ka ìjà ní NDA dúró. Ohun tí àṣẹ Ààrẹ kan fúnni, àṣẹ Ààrẹ mìíràn lè gbà á.

Àwọn Agojie kò ní òfin kankan ju ọ̀rọ̀ ẹnu ọba lọ. Ìjọba náà wó, wọ́n sì bá a lọ. Nàìjíríà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Títí di ọjọ́ tí wọ́n bá tún ìpín kẹta náà ṣe, àlejò ni obìnrin tó di ìbọn mú ṣì jẹ́ nínú ilé tó ń ṣọ́.