Agbábọ́ọ̀lù alátìlẹ́yìn nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n

Agbábọ́ọ̀lù alátìlẹ́yìn ni ẹni tó wà lára àwọn 5 tí ẹgbẹ́ ń kó sórí pápá nínú eré bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, tí kì í ṣe òun ni ẹgbẹ́ gbójú lé jù fún àmì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣọ́ ẹni tó le jù lọ lára àwọn alátakò, láti gba bọ́ọ̀lù tó bá ta padà, láti fara dínà kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè ráàyè jù, àti láti pín bọ́ọ̀lù lásìkò. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló wà lórí pápá. Ẹni márùn-ún kò lè jọ máa jù ú.

Àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ ni ti ẹgbẹ́ Chicago Bulls ní sáà 1995–96, tó borí nínú eré 72, tó pàdánù 10, tó sì gba ife NBA, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ti Amẹ́ríkà. Michael Jordan ń jẹ àmì 30.4 nínú eré kọ̀ọ̀kan ní ìpíndọ́gba. Scottie Pippen ni igbá kejì rẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó kù ni alátìlẹ́yìn. Àmì 5.5 péré ni Dennis Rodman ń jẹ, ṣùgbọ́n ó ń gba bọ́ọ̀lù àtapadà 14.9, tó ga jù ní NBA lọ́dún náà. Ron Harper, tó ti jẹ àmì 20.1 rí ní ẹgbẹ́ Los Angeles Clippers, gbà kí tirẹ̀ wálẹ̀ sí 7.4 kó lè gbájú mọ́ ìṣọ́. Luc Longley, ọmọ Ọsirélíà, ló ń dí abẹ́ àwọ̀n.

Ẹni tó bá ń ka àmì nìkan yóò fojú kéré irú wọn. Ẹgbẹ́ tó bá mọyì wọn ló ń gba ife.