Jíìpù tàbí Sienna: Èwo ló gba ìdílé dáadáa?

Tí ọmọ bá ti di mẹ́rin nínú ilé, tí ìyá àgbà sì tún ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀yin tọkọtaya, mọ́tò onísíìtì márùn-ún ò lè gbé gbogbo yín mọ́. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta ló kù. Oríṣi méjì ló pọ̀ jù lọ́jà: SUV, táwọn èèyàn ń pè ní jíìpù, àti minivan, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń pè ní Sienna, ìbáà jẹ́ Honda ló ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká fi méjì wéra látọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ kan náà, Toyota: Highlander 2014 àti Sienna 2014. Àwọn méjèèjì ní èyí tó lè gbé èèyàn mẹ́jọ.

Ìlà kẹta ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Ní ìlà kẹta Highlander, ínǹṣì 27.7 ni ààyè tó wà fún ẹsẹ̀. Ti Sienna jẹ́ ínǹṣì 36.3. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè jókòó sẹ́yìn Highlander kó má ráhùn. Àmọ́ tí àgbàlagbà tó ga bá jókòó síbẹ̀ láti Èkó dé Ìlọrin, orúnkún rẹ̀ á máa kan ìjókòó iwájú, ẹ̀yìn á sì máa dùn ún kó tó dé.

Ohun tó fà á ò le. Ilẹ̀ inú jíìpù ga, torí pé wọ́n gbé ara ọkọ̀ náà sókè. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn á ká orúnkún sókè bí ẹni tó jókòó sórí àpótí. Ti Sienna wá sílẹ̀, ó sì tẹ́jú, torí náà ẹsẹ̀ ń rí ibi sọ̀ sí.

Ẹrù ńkọ́?

Tí gbogbo ìjókòó bá wà ní nínà, búùtù Highlander gba nǹkan bíi lítà 390. Ti Sienna gba nǹkan bíi 1,100. Kòtò kan wà lẹ́yìn ìlà kẹta Sienna. Inú rẹ̀ ni ìjókòó náà ń wọ̀ tẹ́ ẹ bá ká a. Tẹ́ ò bá ká a, ẹrù ló ń wọbẹ̀.

Lásìkò Iléyá tàbí Kérésì, èèyàn tàbí ẹrù ni jíìpù máa ní kẹ́ ẹ yàn. Tẹ́ ẹ bá ká ìlà kẹta kí báàgì lè wọlé, ọkọ̀ èèyàn mẹ́jọ di ti márùn-ún. Ibẹ̀ làwọn kan ti ń gbé ọmọ lé itan, tàbí kí wọ́n to ẹrù dé òrùlé lẹ́yìn orí àwọn ọmọ. Ọmọ orí itan ò ní bẹ́líìtì. Tí awakọ̀ bá sì tẹ bíréèkì lójijì, orí àwọn tó wà níwájú ni ẹrù yẹn máa bá.

Ilẹ̀kùn

Ilẹ̀kùn Sienna ń yọ́ lọ sẹ́yìn ni, kò ní gbá mọ́tò aládùúgbò nínú ọgbà tó há. Ìyá tí orúnkún ń dùn ò sì ní gùn ún bí ẹni gun àkàbà.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o. Lóṣù kọkànlá ọdún 2016, Toyota pe Sienna 2011 sí 2016 padà fún àtúnṣe ní Amẹ́ríkà, torí pé ilẹ̀kùn oníná yẹn lè ṣí lórí ìrìn. Ẹ gba nọ́ńbà VIN ọkọ̀ náà, tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, kẹ́ ẹ fi wò ó lórí ìkànnì NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó Amẹ́ríkà, bóyá wọ́n ti tún un ṣe. Ọ̀fẹ́ ni.

Ibi tí jíìpù ti borí

Tí ọ̀nà àdúgbò yín bá jẹ́ kòtò àti gegele, tí omi sì ń dá síbẹ̀ lásìkò òjò, Highlander ló máa rọ̀ yín lọ́rùn. Ínǹṣì 8 ni abẹ́ rẹ̀ fi ga sílẹ̀. Ti Sienna fi díẹ̀ lé ní 6. Tí èèyàn mẹ́jọ bá sì wọnú Sienna pẹ̀lú ẹrù, á tún wálẹ̀ sí i.

Kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ kó ìdílé lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ọkọ̀ náà. Kí ẹni tó ga jù jókòó sí ìlà kẹta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ tan AC, kẹ́ ẹ wò ó bóyá atẹ́gùn ń dé ẹ̀yìn. Ẹ fa bẹ́líìtì gbogbo ìjókòó, kẹ́ ẹ rí i pé ó ń di.

Tó bá jẹ́ pé èèyàn márùn-ún ló sábà máa ń wọ ọkọ̀ yín, tí ọ̀nà ò sì dáa, ẹ ra jíìpù. Àmọ́ tó bá jẹ́ méje tàbí mẹ́jọ lójoojúmọ́, bó ti wù kí jíìpù níyì tó lójú ará àdúgbò, Sienna ló máa gbà yín.