Gangs of Lagos: fíìmù Ìsàlẹ̀ Èkó tó kan àwa náà

Gangs of Lagos jẹ́ fíìmù Nàìjíríà tó jáde lórí Prime Video ti Amazon ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 2023. Jáde Osiberu, obìnrin kan tó ti ń ṣe fíìmù tipẹ́, ló darí rẹ̀. Òun ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí Amazon fúnra wọn gbé owó lé lórí. Yorùbá, písìnì àti gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá ní Kambolé, ní Tchamba tàbí ní Sokodé á rí ọ̀rọ̀ tó pọ̀ gbọ́ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn Èkó yàtọ̀ sí tiwa díẹ̀.

Ìtàn rẹ̀

Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló dàgbà pọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó: Ọbalọlá (Tobi Bakre), Gift (Adesua Etomi-Wellington) àti Ify (Chike, tó jẹ́ olórin gidi lójú ayé). Orí àwọn ọmọ yìí pé, kò sí òmùgọ̀ nínú wọn. Ify fẹ́ di olórin. Ọbalọlá ń wá ọ̀nà tó máa gbà kúrò ládùúgbò. Àmọ́ ilé ò rọrùn, láti kékeré ló sì ti ń yọ owó lápò èèyàn. Nino, ọ̀gá àwọn ọmọ ìta, ló wá gbà á tọ́ bí ọmọ. Nígbà tí wọ́n pa Nino, Kazeem di ọ̀gá, àwọn ọmọ mẹ́ta náà sì di ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ipá fún un. A ò ní sọ bó ṣe parí fẹ́ni tí kò tíì wò ó.

Ohun tí fíìmù náà fi hàn wá ni pé ìbọn kọ́ ló kọ́kọ́ ń fa ọmọ wọ ẹgbẹ́. Oúnjẹ ni, ibi tó máa sùn sí ni, ẹni tó pè é lọ́mọ ni. Ìgbà tí ọjọ́ ìbò bá dé ni ọmọ ń mọ̀ pé òṣèlú kan ló ń jẹun lára òun.

Àríyànjiyàn lórí Ẹ̀yọ̀

Nínú fíìmù náà, àwọn apànìyàn wọ aṣọ Ẹ̀yọ̀. Èyí bí àwọn ọmọ onílẹ̀ nínú. Ní oṣù kẹrin 2023 kan náà, iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ń rí sí àṣà sọ pé kò dáa bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó náà gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́. A rò pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú: ọmọdé tí kò tíì rí Ẹ̀yọ̀ rí lè rò pé aṣọ funfun yẹn, aṣọ jàǹdùkú ni.

Kí ló kàn wá?

Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ọmọ wa ti ń gba Benin kọjá lọ wáṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ní 2003, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde nípa àwọn ọmọ Tógò tí wọ́n ń kó lọ ṣiṣẹ́ oko lẹ́yìn ibodè, tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ nìkan ni wọ́n fún àwọn míì lẹ́yìn gbogbo wàhálà wọn. Oko kọ́ ni Ìsàlẹ̀ Èkó, àmọ́ ìbéèrè kan náà ni: ọmọ dé ìlú tí kò mọ ẹnì kankan, ta ló máa fún un lóúnjẹ alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́? Kí ìyá àti bàbá mọ orúkọ ẹni yẹn àti ilé rẹ̀, kí ọmọ tó wọ mọ́tò.

Fíìmù náà le, ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe ti ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí, ẹ bá àwọn ọmọ yín tó ti bàlágà jókòó wò ó, kí ẹ sì jọ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà.