Ọwọ́ Ló Ń Mọ Igun: Àríyànjiyàn lórí Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọmọdé ní Ìrísí Onígun Púpọ̀

Lára ògiri ọ̀pọ̀ kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi wa, páálí kan máa ń wà níbẹ̀ tí wọ́n ya òbírí, onígun mẹ́rin àti onígun mẹ́ta sí. Onígun mẹ́ta orí páálí yìí kì í yàtọ̀ láti kíláàsì kan sí òmíràn: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba, ó fìdí jókòó, ṣóńṣó rẹ̀ wà lókè. Èrò mi ni pé páálí náà gan-an wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí ọmọ mọ onígun mẹ́ta, àti pé ọmọ tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ so ìrísí pọ̀, tó tún fọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́, ló máa ń mọ àbùdá rẹ̀.

Lọ́dún 1999, Douglas Clements, Julie Sarama àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde nípa ọmọ 97, ọlọ́dún mẹ́ta sí mẹ́fà. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà ṣa ìrísí kan láàárín ọ̀pọ̀ àwòrán. Òbírí kò yọ wọ́n lẹ́nu rárá, wọ́n sì gbìyànjú lórí onígun mẹ́rin ọlọ́gbọọgba. Orí onígun mẹ́ta àti onígun mẹ́rin gbọọrọ ni wàhálà wà. Àwọn kan nínú wọn gba ohun tó gùn tó sì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ gẹ́gẹ́ bí onígun mẹ́rin gbọọrọ, bẹ́ẹ̀ igun rẹ̀ kò gún régé. Gígùn ni wọ́n ń wò, wọn kò wo igun.

Pierre van Hiele àti ìyàwó rẹ̀, Dina, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ní Netherlands, ti ṣàlàyé irú nǹkan báyìí nínú ìwádìí tí wọ́n fi gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Utrecht lọ́dún 1957. Ní ìpele àkọ́kọ́, bí ọmọ ṣe ń dá ìyá rẹ̀ mọ̀ láàárín èrò ló ṣe ń dá ìrísí mọ̀: ojú ló fi ń mọ̀ ọ́n, kò ka ohun kan. Ní ìpele kejì ló tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ àti igun. Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti wúlò jù fún wa ni pé ẹ̀kọ́ ló ń gbé ọmọ kúrò ní ìpele kan bọ́ sí òmíràn, kì í ṣe ọjọ́ orí. Àwọn tó ń sọ pé “ẹ jẹ́ kó dàgbà ná, yóò yé e” kò rí ẹsẹ̀ dúró lé níhìn-ín.

Ẹ̀kọ́ wo wá ni? Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ. Ihò wà nínú rẹ̀, a kì í sì í fowó rà á. Kí olùkọ́ gé e sí ẹyọ tó gùn dọ́gba, kí ọmọ ki òwú bọ mẹ́ta nínú, kó sì so ó le dáadáa. Kó tẹ̀ ẹ́, kó fà á síbí, kó fà á sọ́hùn-ún: kò ní yẹ̀. Kó wá so mẹ́rin. Lórí tábìlì, onígun mẹ́rin ọlọ́gbọọgba ni, àmọ́ bó bá ṣe fọwọ́ ti igun kan báyìí, ó ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì dọ́gba o, igun ni kò gún mọ́. Bí wọ́n bá fi ẹyọ karùn-ún dábùú láti igun kan sí èyí tó kọjú sí i (ẹyọ yìí gbọ́dọ̀ gùn ju àwọn yòókù, kí olùkọ́ má sọ fún wọn), ó dúró gbagidi. Káfíńtà tó ń kan férémù ilẹ̀kùn ti mọ èyí tipẹ́. Á kan pákó dábùú kó tó gbé e. Kí wọ́n tún gé ẹyọ kan tó gùn ju méjì lápapọ̀, kí wọ́n fi òun àti méjì náà ṣe onígun mẹ́ta. Wọ́n á fà á títí, orí kò ní kan orí. Kí olùkọ́ má sáré ṣàlàyé.

Ojú títì náà ń kọ́ni. Àmì tó ní kí ọkọ̀ dúró ní igun mẹ́jọ. Èyí tó ní kó yọ̀ǹda ọ̀nà jẹ́ onígun mẹ́ta tó dorí kodò. Ọmọ tó ti bá páálí jẹ́lé-ó-sinmi mọ́ra lè ní èyí kì í ṣe onígun mẹ́ta. Ẹ ní kó ka igun rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa olùkọ́: ṣé ká sọ fún ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní pé onígun mẹ́rin ọlọ́gbọọgba wà lára onígun mẹ́rin gbọọrọ? Ní tèmi, kò pọn dandan ká sọ ọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ni ká sọ òdì kejì rẹ̀, torí pé olùkọ́ kíláàsì karùn-ún ni yóò jìyà láti tú u. Ìdánwò ló sì ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà pé ojú nìkan ni ọmọ fi ń mọ ìrísí. “Dárúkọ ìrísí yìí” kò béèrè ju ojú lọ. Ẹ ya ìlà mẹ́ta tí ìkangun méjì kò pàdé, kí ẹ sì bi ọmọ pé kí ló dé tí kì í fi í ṣe onígun mẹ́ta.