Ẹ̀dọ̀ Kan, Àìsàn Méjì: Bí Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀ Ṣe Di Iṣẹ́ Àpérò

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ńlá lágbàáyé, ọjọ́ kan máa ń wà láàárín ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ń jókòó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀dọ̀. Wọ́n á dín iná yàrá kù, wọ́n á gbé àwòrán inú ikùn aláìsàn sójú ògiri. Dókítà tó mọ àwòrán kà á tọ́ka sí kókó kan: nígbà tí oje àwọ̀ tí wọ́n fà sí aláìsàn lára ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹ̀dọ̀, kókó náà ń tàn ju ibi tó yí i ká lọ, ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, ó ti ṣókùnkùn. Bí ẹ̀dọ̀ náà bá ti ní àpá tẹ́lẹ̀, ìyẹn tó láti fi mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni. Oníṣẹ́ abẹ á béèrè iye kókó àti bí wọ́n ṣe tóbi tó. Dókítà ẹ̀dọ̀ á béèrè bóyá omi ti ń gbá jọ sí ikùn, bóyá ẹyinjú ti pọ́n rúsúrúsú. Ẹni tó mọ oògùn jẹjẹrẹ àti nọ́ọ̀sì tó mọ bí aláìsàn ṣe ń gbé nílé, gbogbo wọn á sọ tiwọn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ó jọ ohun tó yẹ kó ti wà láti ayébáyé, ṣùgbọ́n àṣà tuntun ni. Èrò mi ni pé ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ló fi ipá kọ́ àwọn dókítà ní àṣà yìí, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti dá a tọ́jú rí, ó sì já wọn kulẹ̀ níbi tí ìmọ̀ ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ sábà máa ń ru àìsàn méjì pọ̀. Kókó wà, ẹ̀dọ̀ tí kókó hù nínú rẹ̀ náà kò sì sàn. Àrùn mẹ́dọ̀wú, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní hẹpatáítìsì B àti C, ọtí líle, àti májèlé inú ẹ̀pà àti àgbàdo tó ti bu, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Oníṣẹ́ abẹ ló kọ́kọ́ kojú rẹ̀. Lọ́dún 1957, Claude Couinaud, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé ẹ̀dọ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé a lè gé ọ̀kan kúrò kí ìyókù máa ṣiṣẹ́ lọ. Ìmọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ tó ti di àpá kì í hù padà bí èyí tó yè. Kókó á kúrò tán, aláìsàn á sì kú nítorí pé ìyókù ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè gbé ẹrù náà. Thomas Starzl ní Denver, Amẹ́ríkà, wá gbìyànjú láti yọ ẹ̀dọ̀ tó ti bàjẹ́ kúrò pátápátá. Ọmọ tó kọ́kọ́ pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún lọ́dún 1963 kú sórí tábìlì. Lọ́dún 1967, ọmọdébìnrin kan tí jẹjẹrẹ wà ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ gba ẹ̀dọ̀ tuntun, ó sì lò ju ọdún kan lọ kí jẹjẹrẹ náà tó padà mú un lọ. Ẹ̀dọ̀ tuntun ṣiṣẹ́. Jẹjẹrẹ tó ti sá kúrò nínú ẹ̀dọ̀ kí abẹ tó dé ni kò gbọ́ ti abẹ. Ó di 1996 kí Vincenzo Mazzaferro àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Milan tó fi hàn ẹni tí pípààrọ̀ ẹ̀dọ̀ lè gbà là: ẹni tí kókó rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, tàbí tí kókó rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, tí ìkankan wọn kò sì ju 3 lọ. Wọ́n ṣe é fún aláìsàn 48, ìṣirò wọn sì fi hàn pé ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún wà láàyè ní ọdún kẹrin. Òṣùwọ̀n tó gba àwọn èèyàn yìí là kò sí lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ. Ọwọ́ ẹni tó ń ka àwòrán ló wà.

Ní Osaka, Japan, ọ̀nà mìíràn ti là. Ẹ̀dọ̀ ní orísun ẹ̀jẹ̀ méjì: iṣan ńlá tó ń bọ̀ láti ìfun ló ń gbé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wá, iṣan tó ń bọ̀ láti ọ̀nà ọkàn ń gbé ìyókù. Inú iṣan kejì yìí ni kókó jẹjẹrẹ ti ń mu. Ryusaku Yamada rí i pé bí èèyàn bá dí i, ebi á pa kókó, ẹ̀dọ̀ á sì máa jẹun láti ìfun. Ó ń ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé láti itan, rọ́bà á tọ iṣan ẹ̀jẹ̀ dé ẹ̀dọ̀, á wá fi ègé kànrìnkàn jẹ́látìn tí wọ́n rẹ sínú oògùn jẹjẹrẹ dí i pa. Lọ́dún 1983 ó tẹ ìròyìn jáde lórí 120 aláìsàn, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn sì gba iṣẹ́ náà mọ́ra. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn oníṣègùn Faransé dán an wò ní ìfiwéra lọ́dún 1995, kókó dẹ́kun dídàgbà lára ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n kò hàn pé ẹ̀mí gùn sí i, ẹ̀dọ̀ àwọn mìíràn sì dáṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́dún 2002, ìdánwò méjì, ní Barcelona àti Hong Kong, rí òdìkejì: ní Barcelona, 63 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ìtọ́jú náà wà láàyè ní ọdún kejì, àti 27 péré nínú àwọn tí kò gbà á. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún méje? Rọ́bà kan náà ni, bí ọ̀nà tí wọ́n fi lò ó tilẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ohun tó yí padà jù, lójú tèmi, ni bí wọ́n ṣe ń ṣa aláìsàn. Ẹgbẹ́ Barcelona, tí Jordi Bruix àti Josep Llovet wà lára wọn, ti là á sílẹ̀ lọ́dún 1999 pé ohun mẹ́ta ni kí a jọ wò: bí kókó ṣe tó, bí ẹ̀dọ̀ ṣe lágbára tó, àti bóyá aláìsàn ṣì lè dìde ṣe nǹkan fúnra rẹ̀. Kò sí dókítà kan tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níkàáwọ́ rẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé oògùn ló yí ọ̀rọ̀ padà, pàápàá fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ ti jinlẹ̀ kọjá ti abẹ àti rọ́bà. Òótọ́ ni pé irú wọn kò rí oògùn tó fìdí múlẹ̀ kí sorafenib tó dé lọ́dún 2007. Ìdajì àwọn tó lò ó nínú ìdánwò gbé ju oṣù 10.7 lọ, ti àwọn tí kò lò ó sì jẹ́ 7.9. Lọ́dún 2020, oògùn méjì tí a jọ ń fà sí iṣan borí rẹ̀: atezolizumab, tó ń tú àwọn ọmọ ogun ara sílẹ̀ láti bá kókó jà, àti bevacizumab, tó ń gé ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kókó. N kò ní í bu oògùn kù. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fún èèyàn. Ẹ̀dọ̀ tó ti di àpá ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sẹ́yìn, àwọn iṣan inú ọ̀nà ọ̀fun á wá wú bí okùn, bevacizumab sì lè mú kí wọ́n bẹ́. Nítorí náà, nínú ìdánwò yẹn gan-an, wọ́n ní láti fi kámẹ́rà wo ọ̀nà ọ̀fun aláìsàn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní hẹpatáítìsì B ní láti máa lo oògùn kòkòrò rẹ̀ lọ. Bí ọmọ ogun ara bá sì ṣìnà, tí wọ́n kọlu ìfun tàbí ẹ̀dọ̀fóró, oníṣègùn mìíràn ni yóò tètè mọ̀ ọ́n. Oògùn tí a rò pé yóò tú àpérò ká ló tún fi àga kún àga.

Àtakò kan wà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju ìyẹn lọ. Láti ìgbà tí Kenneth Calman àti Deirdre Hine ti kọ ìròyìn wọn lọ́dún 1995, tó sọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ di iṣẹ́ ẹgbẹ́ ní England àti Wales, ọ̀pọ̀ ló ti ń sọ pé ẹni tí wọ́n bá gbé yẹ̀ wò ní àpérò ń pẹ́ láyé ju ẹni tí wọn kò gbé yẹ̀ wò lọ. Àwọn alátakò dáhùn pé ẹni tí àìsàn ti wọ̀ lára jù kì í tilẹ̀ dé iwájú ìpàdé. Wọn kò parọ́, ìdí nìyí tí n kò fi gbé ọ̀rọ̀ mi ka irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Orí àwọn ìdánwò rọ́bà ti 1995 àti 2002 ni mo gbé e kà, níbi tó ti jẹ́ pé kèké ni wọ́n ṣẹ́ láti mọ ẹni tí yóò gba ìtọ́jú.

Ní ilẹ̀ tiwa, ọdún 1960 ni wọ́n dá ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ Ìbàdàn sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH, láti ìgbà náà ló sì ti hàn pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ wọ́pọ̀ lára àwọn ọkùnrin wa. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2017 kó ìtàn àwọn aláìsàn tó lé ní 2,500 jọ láti orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Áfíríkà, Nàìjíríà wà níbẹ̀. Ní Íjíbítì, ìdajì wọn gbé ju oṣù 10.9 lọ lẹ́yìn tí àìsàn hàn. Ní àwọn orílẹ̀-èdè yòókù, oṣù 2.5, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì tíì pé àádọ́ta ọdún. Ẹnìkan lè sọ pé ẹ̀rọ àti owó ló fa ìyàtọ̀ yẹn, kí ni àpérò fẹ́ ṣe níbi tí kò sí ìkankan? Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tenofovir tó ń dá hẹpatáítìsì B dúró ti wà lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú HIV, ọ̀tírásáǹdì tó lè rí kókó nígbà tó kéré sì wà ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ẹni tó ní ọ̀kan kì í sábà bá ẹni tó ní èkejì sọ̀rọ̀. Ní ti ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọjá gbogbo èyí, ìrora ni ọ̀tá tó kù. Mọfíìnì olómi kì í ṣe oògùn olówó ńlá, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ló ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́ kúrò lára, ìwọ̀n tó rọ ẹlòmíràn lọ́rùn sì lè gbé aláìsàn yìí lọ sínú oorun tí kò ní í jí. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ fún un ní láti mọ iye tí ẹ̀dọ̀ náà ṣì lè gbé, kí ó dín ìwọ̀n kù, kí ó sì fi wákàtí sí i láàárín ìmu kan àti èkejì. Ọwọ́ dókítà ẹ̀dọ̀ ni ìdáhùn yẹn wà, ní wọ́ọ̀dù kejì.